Ta Ni Kábíyèsí? Ọ̀wọ̀ fún Ọlá Ọlọ́run nínú Ìjọsìn Wa, láti Alabar dé Ilé

Bí a bá ń wá ibi tí Yorùbá ti kọ́ bí a ti í gbé lábẹ́ ọba tí kì í ṣe ọba ilé baba rẹ̀, kí a lọ sí Alabar ní ìlú Kumasi. Àdúgbò òwò ni Alabar, ní àárín ìlú, kò sì jìnnà sí ọjà ńlá tí ó wà ní Kejetia. Láti ayé àwọn baba wa ni àwọn ará Ogbomọ̀ṣọ́, Èjìgbò, Ìnísà, Ọ̀fà, Ìlọrin àti Ṣakí ti ń lọ sí ilẹ̀ tí a ń pè ní Gold Coast nígbà náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì fi Kumasi ṣe ibùgbé. Wọ́n ta aṣọ, wọ́n ta ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n ta oríṣiríṣi ọjà wẹ́wẹ́ tí ará ilé ń lò lójoojúmọ́. Wọ́n kọ́ ilé, wọ́n bí ọmọ, wọ́n sì gbọ́ èdè Twi bí ẹni pé òun ni wọ́n fi tọ́ wọn. Àwọn Mùsùlùmí inú wọn ní mọ́ṣáláṣí tí wọ́n ti ń kírun. Àwọn Kristẹni inú wọn sì dá ìjọ sílẹ̀, níbi tí a ti ń ka Bíbélì Yorùbá, tí a sì ń gbàdúrà ní èdè tí ìyá fi kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ sísọ.

Ọ̀rọ̀ àwọn Kristẹni wọ̀nyí ni a fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ó kan ohun kan tí ó yẹ kí àwọn olùkọ́ wa àti gbogbo ẹni tí ó fẹ́ràn ilẹ̀ yìí ronú sí. Ohun náà ni ipa tí ọ̀wọ̀ fún ọlá ńlá Ọlọ́run ń kó nínú ìjọsìn. Ǹjẹ́ àwọn Òyìnbó ni ó kọ́ wa ní ọ̀wọ̀ náà, tàbí a ti ní in nílé kí wọ́n tó dé? Nígbà tí ènìyàn bá sì pe Ọlọ́run ní Ọba, kí ni ọ̀rọ̀ náà ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó bá jáde kúrò ní ilé ìsìn?

Èrò tiwa ni pé iṣẹ́ méjì ni ọ̀wọ̀ tòótọ́ fún Ọlọ́run ń ṣe. Ó ń rẹ̀ wá sílẹ̀ níwájú Rẹ̀; ó sì ń mú kí gbogbo wa dọ́gba níwájú ara wa. Níbi tí a bá ti ṣe ti àkọ́kọ́ tí a sì gbàgbé èkejì, àṣà ààfin lásán ni a ń ṣe, a kò tíì jọ́sìn.

ÌLÚ TÍ Ó MỌ IYÌ ÌTẸ́

Kumasi yẹ ní ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ìlú tí ó mọ iyì ìtẹ́ ni. Òkìkí Àga Wúrà àwọn Asante, tí wọ́n ń pè ní Sika Dwa Kofi, ti kàn káàkiri ayé. Ìtàn wọn sọ pé Okomfo Anokye ni ó pè é sọ̀kalẹ̀ láti ojú ọ̀run ní ìgbà ayé Ọba Osei Tutu. Àga náà kì í kan ilẹ̀ lásán, ẹnikẹ́ni kì í sì í jókòó lórí rẹ̀, àní ọba pàápàá, nítorí wọ́n gbà pé ẹ̀mí gbogbo orílẹ̀-èdè Asante ni ó wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1900, Gómìnà Frederick Hodgson dìde láàrin àwọn ìjòyè ní Kumasi, ó sì béèrè ìdí tí wọn kò fi gbé àga náà wá kí òun lè jókòó lé e. Ìbéèrè yìí dá ogun sílẹ̀, Yaa Asantewaa, ìyá ọba ìlú Ejisu, ni ó sì ṣe aṣáájú rẹ̀. Àga ni Gómìnà rí; ohun mímọ́ ni àwọn Asante rí. Láàrin ohun méjèèjì yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ wà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ kí olóyè ńlá ní ilẹ̀ Asante a bọ́ sálúbàtà rẹ̀, a sì sọ aṣọ rẹ̀ kalẹ̀ kúrò ní èjìká. Ọmọ Yorùbá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí Alabar kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ èyí fún un. Nílé, ó ti mọ̀ pé a kì í dé fìlà níwájú ọba, pé ọkùnrin a máa dọ̀bálẹ̀, pé obìnrin a máa kúnlẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹni tí ó ní ẹ̀bẹ̀ kì í sáré wọlé kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Yóò kọ́kọ́ kí ọba, yóò ki ọba ní oríkì, yóò dákẹ́ títí a ó fi bi í ní ohun tí ó bá wá, nígbà náà ni yóò tó la ẹnu. Bí ọ̀rọ̀ bá sì tán, kì í kọ ẹ̀yìn sí ọba bí ó ti ń jáde.

Ìwà yìí ni ó ti wà lára àwọn ènìyàn wa kí ìhìnrere tó dé. Nítorí náà, nígbà tí ìhìnrere dé, kò bá wọn bí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ro rí.

Ọ̀RỌ̀ TÍ CROWTHER BÁ NÍLẸ̀

Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ wa ṣàkíyèsí pé ẹnì kan náà ni ó mú ìwàásù wọ Kumasi, tí ó sì mú un wọ Abẹ́òkúta. Ẹni náà ni Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, tí baba rẹ̀ jẹ́ adúláwọ̀, tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kẹrin ọdún 1839 ni ó wọ Kumasi, nígbà tí Kwaku Dua Kìíní wà lórí oyè. Wọ́n dá a dúró lójú ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí ọba tó gbà kí ó wọlé. Ní oṣù kejìlá ọdún 1842, ó dé Abẹ́òkúta, Ṣódẹkẹ́ sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Oníwàásù tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀ Ọba ọ̀run ní láti kọ́kọ́ kọ́ bí a ti í dúró de ọba ayé. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún ẹni tí ó ń bọ̀ láti ilẹ̀ tí agbára rẹ̀ ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́.

Ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 1844, Samuel Ajayi Crowther ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown, láàrin àwọn ọmọ Yorùbá tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Bí òun àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ ti ń túmọ̀ Bíbélì ní ẹ̀yìn ìgbà náà, ọ̀rọ̀ ààfin ni wọ́n bá nílẹ̀, òun ni wọ́n sì lò: Olúwa, Ọba, ìtẹ́, adé, ọ̀pá aládé, ìjọba, ògo, ọlá ńlá. Wọn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ hùmọ̀ ọ̀rọ̀ fún ọlá Ọlọ́run. Ọ̀jọ̀gbọ́n E. Bolaji Idowu, nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè tí ó jáde ní ọdún 1962, fi yé wa pé àwọn baba wa ti mọ Olódùmarè gẹ́gẹ́ bí Ọba tí ó ga ju gbogbo ọba lọ tipẹ́tipẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń ṣe sí ìjọsìn. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà yìí lè pe Ọlọ́run ní Olúwa ní èdè tirẹ̀ kí ara rẹ̀ má mì rárá. Ó ti pẹ́ tí ó ti rí olúwa tí a ń wólẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà Yorùbá bá pe Ọlọ́run ní Kábíyèsí nínú àdúrà, ara rẹ̀ á ti tẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó kúrò lẹ́nu rẹ̀. Eékún rẹ̀ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń béèrè. Ìdí nìyí tí àdúrà àwọn ènìyàn wa fi máa ń pẹ́ lórí ìyìn kí ó tó kan ẹ̀bẹ̀. Àwọn àjèjì kan máa ń rò pé àwítúnwí ni. Àṣìrò ni èyí. Ẹni tí ó ń ki Ọlọ́run ní orúkọ lẹ́sẹẹsẹ, tí ó ń pè É ní Ẹlẹ́dàá, ní Aláàánú, ní Ọba tí ọjọ́ Rẹ̀ kò lópin, ń rán ara rẹ̀ létí ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ kí ó tó sọ ohun tí ó ń fẹ́.

Ètò yìí kan náà ni a rí nínú ìran tí wòlíì Isaiah rí ní ọdún tí Ọba Ussiah kú. Ìtẹ́ ayé ṣófo. Òun sì rí ìtẹ́ tí kì í ṣófo láé. Ó gbọ́ bí àwọn séráfù ti ń pe Ọlọ́run ní mímọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn èyí ni ó mọ̀ pé ètè òun kò mọ́, lẹ́yìn èyí ni a wẹ̀ ẹ́ mọ́, lẹ́yìn èyí ni ó gbọ́ ohùn tí ó ń wá ẹni tí a ó rán, lẹ́yìn náà ni ó sì dáhùn. Ìyìn, ìjẹ́wọ́, ìdáríjì, ọ̀rọ̀, àti ìránlọ: ẹni tí ó bá mọ Ìwé Àdúrà yóò rí i pé ọ̀nà yìí ni ìsìn ń tọ̀. Ìyìn ni ó ṣáájú. Bí a bá fi ẹ̀bẹ̀ ṣáájú, Ọlọ́run di ẹni tí a rán níṣẹ́, àwa sì di ẹni tí ó rán an.

AṢỌ, OHÙN ÀTI ÌLÙ

Ṣùgbọ́n a kò lè ṣàìmẹ́nuba ibi tí ọ̀rọ̀ ti dàrú. Àwọn míṣọ́nnárì púpọ̀ rò pé ọ̀wọ̀ fún Ọlọ́run àti àṣà ilẹ̀ Òyìnbó jẹ́ ohun kan náà. Bí ènìyàn bá wọ kóòtù nínú oòrùn, tí ó so táì mọ́ ọrùn, tí ó sì fi ohùn rírẹlẹ̀ kọ orin tí a kọ́ ọ, wọ́n ní ó bẹ̀rù Ọlọ́run. Bí ó bá wọ aṣọ òkè tí ó fi ń lọ kí ọba rẹ̀, wọ́n ní aṣọ kèfèrí ni.

Ní Èkó, ọkùnrin kan wà tí ó kọ èyí. A bí i ní ọdún 1860, David Brown Vincent sì ni orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ìjọ Onítẹ̀bọmi ti Ìbílẹ̀ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1888. Lẹ́yìn náà ó gba orúkọ Mojola Agbebi, ó sì ń fi aṣọ ilẹ̀ wa wàásù títí ó fi kú ní ọdún 1917. Ní Ghana náà, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ephraim Amu, olùkọ́ àti ọ̀gá nínú orin, wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti ìjọ Presbyterian ní Akropong. Ní ọdún 1931 ó fi aṣọ ìbílẹ̀ ilẹ̀ rẹ̀ wàásù ní ọjọ́ Ìsinmi, ó sì ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní orin àti ìlù ilẹ̀ wọn. Inú àwọn alàgbà ìjọ kò dùn sí i. Ní ọdún 1933 wọ́n yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Achimota ni ó ti rí àyè ṣiṣẹ́ lẹ́yìn èyí. Lónìí, orin rẹ̀ ni gbogbo Ghana fi ń yangàn.

Ohun tí àwọn alàgbà náà kò rí ni pé aṣọ tí Amu wọ ni aṣọ ọ̀wọ̀ ní ilẹ̀ tirẹ̀. Òun ni ènìyàn fi ń jáde níwájú olóyè. Ẹni tí a bá ní kí ó bọ́ aṣọ iyì rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó lè jọ́sìn, a ti kọ́ ọ láìsọ̀rọ̀ pé Ọlọ́run kò mọ iyì àwọn baba rẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí sì burú ju àìmọ̀wé lọ.

Ọ̀rọ̀ ohùn pẹ̀lú kò kéré. T. K. Ekundayo Phillips, tí ó ń tẹ dùùrù tí ó sì ń darí akọrin ní Kàtídírà Kírísítì ní Èkó láti ọdún 1914 títí dé ọdún 1962, ṣe ìwé kan lórí orin Yorùbá ní ọdún 1953. Ohun tí ó jà fún ni pé orin ìsìn Yorùbá gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá. Gbogbo olùkọ́ ni ó mọ ìdí rẹ̀. Igbá, ìgbà àti igba kì í ṣe ohun kan náà, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kò jọra. Bí a bá gbé ohùn orin Òyìnbó lé ọ̀rọ̀ wa lórí láìwo òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìyìn lè di ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀, tàbí kí ó di ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. A kì í ki ọba ní ìkìkukì. Bí akígbe ọba bá ṣi oríkì pè, gbogbo ààfin ni yóò wò ó. Kí ló dé tí a fi ń fi ohùn wíwọ́ yin Ọba tí ó ju gbogbo ọba lọ?

Àwọn ìjọ Aládùúrà gba ọ̀nà tiwọn dé ibi kan náà. Ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù, tí Moses Orimolade àti Abiodun Akinsowon dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1925, àti Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run, tí Samuel Bilewu Oshoffa dá sílẹ̀ ní Porto-Novo ní ọdún 1947, ń wọ aṣọ funfun, wọ́n sì ń bọ́ bàtà kí wọ́n tó wọ ibi ìsìn. Wọ́n ń tọ́ka sí Mósè níwájú igbó tí ń jó. Bí wọ́n bá dé Kumasi, ará Asante kò ní bi wọ́n ní ohun tí bàtà ṣe. Òun náà mọ̀ pé ẹsẹ̀ òfo ni a fi ń wọlé tọ ẹni tí ó ju wa lọ.

ỌBA TÍ A LÈ RỌ̀ LÓYÈ

Títí dé ibí yìí, a ti sọ ohun tí ó lè dùn mọ́ wa nínú. Ó kù kí a sọ èyí tí kò dùn.

Ẹni tí ó fi ọ̀rọ̀ ààfin bọ Ọlọ́run wà nínú ewu kan. Ọ̀wọ̀ tí ó gbé lọ sókè lè padà bọ̀ wá sílẹ̀, kí ó sì bà lé orí ènìyàn. Ó ń pe Ọlọ́run ní Kábíyèsí ní òwúrọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti ń bá olórí ìjọ sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òun náà jẹ́ kábíyèsí. Àga tí ó ga jù lọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì di ti ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ jù lọ. Ìyáàfin tí ó ti ń gbá ilẹ̀ ilé ìsìn láti ogún ọdún wà lẹ́yìn lẹ́nu ọ̀nà, ọlọ́lá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé wà níwájú. Jákọ́bù Àpọ́sítélì ti rí èyí ní ayé rẹ̀: ó bá àwọn tí wọ́n ń fi olówó tí ó wọ òrùka wúrà sí ibi dáradára wí, nígbà tí wọ́n ń ní kí tálákà dúró tàbí kí ó jókòó sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ìtumọ̀ Kábíyèsí. Àwọn àgbà sọ fún wa pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí ó lè bi ọba ní ohun tí ó ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn baba tí ó fún ọba ní orúkọ yìí kan náà ni ó fi Ọ̀yọ́ Mèsì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí Aláàfin bá tẹ ìlú mọ́lẹ̀ kọjá ààlà, wọ́n mọ ọ̀nà tí wọ́n fi ń sọ fún un pé ìlú ti kọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní ilẹ̀ Asante. Ọba tí a ń bọ́ sálúbàtà fún ni a lè rọ̀ lóyè: wọ́n rọ Kofi Karikari ní ọdún 1874, wọ́n sì rọ Mensa Bonsu ní ọdún 1883. Àwọn baba wa mọ̀ pé orúkọ tí wọ́n ń pe ọba tóbi ju ọba lọ. Wọ́n yá a ní orúkọ náà ni. Wọn kò fi ta á lọ́rẹ. Ẹnì kan ṣoṣo ni orúkọ náà bá mu.

Ìdí nìyí tí ọ̀wọ̀ fún ọlá Ọlọ́run fi gbọ́dọ̀ máa dín ọlá ènìyàn kù nínú ìsìn. Nígbà tí wọ́n dé Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ní adé ní Westminster Abbey ní ọjọ́ 2 oṣù kẹfà ọdún 1953, tí àwọn ènìyàn káàkiri ayé ń wò ó nínú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, wọ́n fi ìbòrí bo ibi tí a ti ń ta òróró sí i lára, kí ẹ̀rọ má bàa ya àwòrán rẹ̀. Òun tí gbogbo ènìyàn wá tẹríba fún ni ó kúnlẹ̀. Prempeh Kìíní ti Asante pẹ̀lú mọ ohun tí ó jọ èyí ní ọ̀nà tí ó korò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú un kúrò ní Kumasi ní ọdún 1896. Ní ọdún 1900 wọ́n gbé e lọ sí erékùṣù Seychelles. Ibẹ̀ ni ó ti di Kristẹni, tí ó sì gba orúkọ Edward. Ọdún 1924 ni ó tó padà sílé. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ìgbèkùn dára. Ṣùgbọ́n ọba tí ó ti kúnlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ àjèjì, níbi tí kò ti ní ìtẹ́ tàbí agboòrùn ọba, ti kọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ olórí kì í kọ́ títí wọ́n fi ń kú: pé ìtẹ́ kan wà tí òun pàápàá jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ níwájú rẹ̀.

Ọ̀SẸ̀ MÉJÌ NÍ ỌDÚN 1969

Ní Alabar, ọ̀rọ̀ yìí kúrò ní ọ̀rọ̀ ìwé. Ìkànìyàn ọdún 1960 fi hàn pé àwọn Yorùbá tí ó wà ní Ghana tó bí 100,000. Àwọn oníṣòwò inú wọn ni ó gbin ìjọ Onítẹ̀bọmi sí ọ̀pọ̀ ìlú ní ilẹ̀ náà. Kí àwọn míṣọ́nnárì Amẹ́ríkà tó ti Nàìjíríà wá bá wọn ní ọdún 1947, àwọn tí ó ń ta ọjà láàárín ọ̀sẹ̀ ti ń pe ara wọn jọ ní ọjọ́ Ìsinmi láti gbàdúrà. Ìjọ àlejò ni, ìjọ tí kò ní ilẹ̀ àjogúnbá ní ìlú tí ó wà. Ó mọ̀ pé ọba tí òun ń sin ní ọjọ́ Ìsinmi ni ọba kan ṣoṣo ní Kumasi tí kò ní bi òun ní ìlú tí òun ti wá.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Dókítà Kofi Abrefa Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú fi Ghana sílẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn tí a bí sí Kumasi, tí wọn kò mọ Ogbomọ̀ṣọ́ ju orúkọ lọ, di ẹrù wọn. Wọ́n ta ọjà ní ìtakúta. Gbèsè tí ènìyàn jẹ wọ́n sì di ti ẹni tí ó jẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo láàrin ọjọ́ mélòó kan. Ọmọ ilé ọba Wenchi ni Busia, ọ̀mọ̀wé tí ó kọ ìwé lórí ipò àwọn olóyè Asante ní ọdún 1951, òun fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Ẹni tí ó pàṣẹ àti ẹni tí àṣẹ lé jáde ń pe Ọlọ́run kan náà ní Ọba.

A kò sọ èyí láti ru ìbínú sókè sí àwọn ará Ghana. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà ṣe irú rẹ̀: ó lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé jáde, àwọn ará Ghana ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Àpò tí wọ́n fi kó ẹrù ni a fi orúkọ ìjáde wọn pè títí di òní, a sì ń fi í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé àṣẹ méjèèjì, a kọrin ìyìn sí Ọba ọ̀run ní Kumasi, a sì kọ ọ́ ní Èkó. Ó yẹ kí a bi ara wa léèrè irú ọba tí a rò pé a ń kọrin sí. Ọba tí ìjọba Rẹ̀ kọjá gbogbo ààlà kò ní àjèjì láàrin ọmọ ìlú Rẹ̀. Ẹni tí ó bá wólẹ̀ fún Un tọkàntọkàn, tí ó sì dìde láti ti aládùúgbò rẹ̀ jáde nítorí ìwé, eékún rẹ̀ nìkan ni ó wólẹ̀.

BABA NI, ỌBA SÌ NI

Àwọn kan wà láàrin àwọn ọ̀dọ́ tí ó ti kàwé tí ó ń sọ pé ọ̀rọ̀ ọlá àti ìbẹ̀rù yìí ń mú Ọlọ́run jìnnà sí ènìyàn. Wọ́n ní Jésù kọ́ wa láti pe Ọlọ́run ní Baba, nítorí náà kí a jẹ́ kí ìsìn rọrùn bí ìtàkùrọ̀sọ láàrin ọ̀rẹ́. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìtumọ̀, kò sì yẹ kí a fi ẹ̀gàn dá wọn lóhùn. A ti jókòó nínú ìsìn tí ó dákẹ́ bí ibojì, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín tàbí kí ó sọkún. A mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lè jẹ́ ti òkú.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi Baba ta ko Ọba kò ronú bí Yorùbá. Ta ni ọmọ Yorùbá kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún ní ayé rẹ̀? Baba rẹ̀ ni. Láti òwúrọ̀ tí ó ti mọ ẹsẹ̀ gbé ni ó ti ń dọ̀bálẹ̀ fún un, ìdọ̀bálẹ̀ yìí kò sì dí i lọ́wọ́ láti jókòó sí ẹsẹ̀ baba rẹ̀ ní alẹ́ kí ó gbọ́ àlọ́. Àwọn Asante ń pe Ọlọ́run ní Nana Nyame. Nana kan náà ni wọ́n ń pe olóyè, òun náà sì ni wọ́n ń pe baba àgbà. Àdúrà tí Olúwa kọ́ wa pàápàá, Baba ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó kàn lẹ́yìn rẹ̀ ni pé kí orúkọ Baba náà jẹ́ mímọ́, kí ìjọba Rẹ̀ sì dé.

Ọ̀wọ̀ kò sì di ẹnu ènìyàn. Nígbà tí Ọlọ́run fẹ́ pa Sódómù run, Ábúráhámù pe ara rẹ̀ ní erùpẹ̀ àti eérú, síbẹ̀ ó bi Ọlọ́run léèrè láti orí àádọ́ta olódodo títí dé orí mẹ́wàá. Ẹni tí ó mọ bí òun ti kéré tó ni ó lè béèrè láìṣe ìgbéraga. Nítorí náà, bí a bá lè béèrè lọ́wọ́ Ọba tí ó ni orúkọ náà gan-an, ta ni ẹ̀dá tí yóò sọ pé a kò gbọdọ̀ bi òun ní ohun tí ó fi owó ìjọ ṣe, tàbí ohun tí ó fi owó ìlú ṣe?

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ọwọ́ yín ni iṣẹ́ yìí wà. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní ìdí tí a fi ń kúnlẹ̀, kí wọ́n má bàa kà á sí ìyà. Ẹ kọ́ wọn ní orin tí ohùn rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ mu. Ẹ sọ ìtàn Agbebi àti ti Amu fún wọn, kí wọ́n lè mọ̀ pé aṣọ baba wọn kò kéré fún ilé Ọlọ́run. Ẹ sì sọ fún wọn nípa Alabar, nípa àwọn ènìyàn wa tí wọ́n gbé ohùn ìyìn sókè ní ìlú ọba ẹlòmíràn, tí àṣẹ ọ̀sẹ̀ méjì sì tú wọn ká. Bí àlejò bá wọ ilé ìsìn yín ní ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀, yálà ará Ghana ni tàbí ará Tógò tàbí ará ìlú tí ó wà lẹ́yìn odi yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó wá àga. Ẹ dìde, kí ẹ fún un ní tiyín.